Ẹja Mélòó Ni Ó Tọ́ Nínú Omi Kan?

Ìbéèrè kan wà tí ẹ lè rò pé ti oníṣòwò nìkan ni: bí ènìyàn bá ń sin ẹja, mélòó ni ó tọ́ kí ó kó sínú omi kan? Ọ̀pọ̀ nínú yín yóò dáhùn pé iye tí agbára rẹ̀ bá lè bọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí a wò ó bí ìdáhùn náà bá tó.

Ní oṣù Keje ọdún 2007, àrùn kan bẹ́ sílẹ̀ ní ìhà Chiloé ní ilẹ̀ Ṣílè, láàrin àwọn ẹja salmon tí a ń sìn nínú àgò àwọ̀n lójú òkun. Fáírọ́ọ̀sì ni ó fà á, kòkòrò àrùn tí ojú lásán kò lè rí, tí í máa gba ẹ̀jẹ̀ lára ẹja. Ilẹ̀ Nọ́wè ni a ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ní ọdún 1984. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2010, irú ẹja salmon yìí tí Ṣílè ń pa lọ́dún kan kò tó ìdajì ti àtẹ̀yìnwá mọ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ sì ti pàdánù iṣẹ́ wọn.

Kì í ṣe ìkúnjọ ni ó dá fáírọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n ẹja tí ó ń ṣàìsàn a máa tú u sínú omi láti inú ikun ara rẹ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀. Níbi tí ẹja bá sì ti fara kínra, kò ní rìn jìnnà kí ó tó rí ẹlòmíràn mú. Ẹja tí ayé há mọ́ a sì máa bó lára, àyà rẹ̀ a máa já, agbára tí ó fi ń bá àrùn jà a sì rẹ̀wẹ̀sì. Èyí tí ó bà mí lẹ́rù jù ni ohun tí àwọn onímọ̀ ń sọ, pé àrùn tí ń yára pa ẹran tí ó wọ̀ kì í sábà tàn níbi tí ẹran kò pọ̀, nítorí òun àti ẹran náà ni yóò jọ kú. Ṣùgbọ́n nínú àgò tí ó kún, ẹlòmíràn ti wà nítòsí.

Ibí gan-an ni ọ̀ràn ti di ti ẹ̀rí-ọkàn. Ẹni tí ó kún àgò rẹ̀ dé ẹnu ni ó ni èrè. Ṣùgbọ́n omi òkun kò mọ ààlà, aládùúgbò rẹ̀ àti alágbàṣe tí kò sí níbi ìmọ̀ràn ni wọ́n bá a pín àdánù. Ẹnìkan lè wí pé ẹja púpọ̀ ni ẹja ọ̀pọ́, tálákà ni yóò sì jẹ ẹ́. Òtítọ́ ni, n kò sì fojú kéré rẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀pọ́ tí ó parí sí ọ̀wọ́n àti àìríṣẹ́ṣe, ta ni ó ṣe lóore?

Lẹ́yìn àjálù náà, Ṣílè fi òfin dín iye ẹja inú àgò kù, wọ́n sì ní kí àwọn tí ó wà ní àdúgbò omi kan jọ kó ẹja wọn kúrò, kí omi náà sinmi fún oṣù mẹ́ta, bí àgbẹ̀ ti ń fi ilẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹja àrọ̀ lẹ́yìnkùlé, ẹ mọ̀ pé ẹja yìí a máa gba afẹ́fẹ́ lókè omi, nítorí náà ó lè fara da há-há-há tí yóò pa ẹja mìíràn. Kíkú tí kò tètè kú kò wí pé ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Omi tí ẹ sì ń tú dànù nínú adágún yín, ẹnu ọ̀nà ta ni ó ń ṣàn gbà?