Ọ̀dà Lára Ògiri Onílé

"Ṣé ilé yín lẹ fẹ́ kùn ni?" Ìyá tó ń ta búrẹ́dì lẹ́nu géètì wa ló bi wá bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kọkànlá, nígbà tó rí gárawa ọ̀dà lọ́wọ́ wa. A ní rárá o, ilé Bàbá Onílé ni. Ìyá rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, owó ń yọ yín lẹ́nu. Ilé onílé!" Ó wé búrẹ́dì fún wa, ó kọjú sí oníbàárà mìíràn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá wa wọlé, kò sì tíì jáde títí dòní.

Àwa méjì la jọ ń gbé yàrá kan àti pálọ̀ ní Bàríga nígbà náà. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ rí mọ ògiri tí à ń wí. Ó ti fìgbà kan jẹ́ àwọ̀ kíríìmù. Nísàlẹ̀, omi ilẹ̀ ń fà gòkè, ọ̀dà ń bó bí ìpẹ́ ẹja. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ibì kan wà tí ẹni tó gbébẹ̀ ṣáájú wa máa ń gbórí tì. Ibẹ̀ dúdú, ó ń dán, àfi bí ẹni pé onítọ̀hún ṣì jókòó síbẹ̀ tó ń wò wá. Ọdún méjì gbáko la fi ń sọ pé a máa ṣe nǹkan sí i.

Nílùú òyìnbó, tí òtútù bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, wọn a ṣí fèrèsé, wọn a pa aṣọ fèrèsé dà, wọn a fi ìrọ̀rí aláwọ̀ ewé àti aláwọ̀ òdòdó sórí àga. Àwòrán wọn máa ń dé orí fóònù wa nínú oṣù Kẹta sí oṣù Kẹrin, nígbà tí ooru ń bá àwa jà lọ́wọ́. Tiwa yàtọ̀. Ìgbà tí òjò bá ń palẹ̀ mọ́ ni tiwa, tí ògiri ti gbẹ, tí ọyẹ́ ò sì tíì gbé eruku dé tí yóò lẹ̀ mọ́ ọ̀dà tútù. Kérésì ń bọ̀, àlejò ń bọ̀. Ẹni tó bá kun ilé nínú oṣù Keje, àfàìmọ̀ kí ọ̀dà ẹ̀ má wú bí ìléròró.

Ìmọ̀ràn tí gbogbo èèyàn ń gba ayálégbé kò ju ẹyọ kan lọ: ohun tó o lè ká ni kó o rà. Ra aṣọ fèrèsé, ra rọ́ọ̀gì, ra àwòrán tí wọ́n ń fi kọ́, tí ọjọ́ bá pé, ká gbogbo ẹ̀, kó o máa lọ. Ìmọ̀ràn gidi ni, a ò ta kò ó. Ọ̀kan nínú wa lọ sí ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, ó ra àdìrẹ tí a gé sójú fèrèsé méjèèjì. Ìbàdàndùn lorúkọ ọnà tó wà lára ẹ̀, èyí tí wọ́n máa ń ya òpó gbọ̀ngàn Mápó sí. Ọmọ Ìbàdàn tó ń gbé Bàríga ló rà á, ẹ má bi wá ìdí. Nígbà tí a fi kọ́, yàrá náà dùn ún wò fún bí ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà la wá rí i pé ẹwà aṣọ yẹn tún ń fi ìyà ògiri hàn ni.

Ibẹ̀ la ti wo ara wa yíká. Gbogbo ohun tí a ní ni ó ṣeé ká. Bẹ́ẹ̀dì tí à ń tú, tábìlì tó ń káṣẹ̀, àpótí tí a ò tíì tú tán láti ọjọ́ tí a ti kó dé. À ń gbé bí ẹni tó jókòó sí gáráàjì tó ń dúró de mọ́tò. Tí wọ́n bá sì bi wá pé ìgbà wo la máa jókòó dáadáa, ìdáhùn ti wà lẹ́nu: "Tí a bá kọ́lé tiwa."

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ìyá ọ̀kan nínú wa ní àwo àlejò méjìlá tí wọ́n fi ìwé ìròyìn wé sínú páálí. A ò gbọdọ̀ fi jẹun. Ọjọ́ tí a bá kó lọ sílé wa la máa tú u. Wọ́n kọ́ ilé náà o, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi kọ́ ọ tán, àwọn ọmọ tí ì bá fi àwo náà jẹun ti wà nílùú oníkálukú. Ìyá nìkan ló ń fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, wọ́n á nù ún, wọ́n á tò ó padà.

Àwọn àgbà á ní ayé lọjà, ọ̀run nilé. Ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n sì máa ń fi pa èèyàn lẹ́nu mọ́ tó bá fẹ́ náwó sí ohun tí kò ní í pẹ́. Àmọ́ ṣé ẹ ti dé ọjà ní agogo mẹ́fà àárọ̀ rí? Kò sẹ́ni tó máa sùn níbẹ̀, síbẹ̀ wọ́n ń gbálẹ̀ ni. Alátà á to ata ẹ̀ ní pípọ́n pípọ́n, á fi èyí tó dára jù sókè, á bu omi wọ́n ọn. Ó mọ̀ pé òun ń lọ sílé nírọ̀lẹ́. Mímọ̀ tó mọ̀ kò ní kó má tọ́jú ibi tó jókòó sí.

Ẹ jẹ́ ká dé Ilé-Ifẹ̀ díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ohun tó tú wa nínú jù lọ wà. Mọyọ̀ Òkédìjí, ayàwòrán tó wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ Ọ̀nà sílẹ̀ ní Ifẹ̀ lọ́dún 1989, ti kọ̀wé nípa àwọn obìnrin tó ń kun ògiri ojúbọ Òrìṣà Ìkirè. Lọ́dọọdún, kí ọdún òrìṣà tó dé, wọ́n á tún ògiri náà kùn. Òjò á pa á, oòrùn á sá a, nígbà tí ọdún bá fi yí po, tèṣí á ti ṣá. Wọ́n á tún gbé àwọ̀ wọn, wọ́n á fi tọdún yìí lé tèṣí lórí. Ilé onílé ni wọ́n ń kùn, ká wí i bó ṣe rí, onílé tí kì í gba owó ilé. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè ká ògiri náà gbé relé. Bí a bá fi ojú ìyá oníbúrẹ́dì wò ó, òfò ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí òjò máa fọ̀ dànù yìí, ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe ò dàgbà láìsí i.

Bí a ṣe lọ ra ọ̀dà nìyẹn.

A kọ́kọ́ pe Bàbá Onílé lórí fóònù. Wọ́n ní, "Ẹ ṣe é bẹ́ ẹ bá ti fẹ́, ẹ má ṣáà fi dúdú kùn ún." Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ló wá dìjà. Ọ̀kan fẹ́ funfun torí pé kò ní í bí ẹnikẹ́ni nínú. Èkejì ní tó bá jẹ́ pé ohun tí kò ní í bí ẹnikẹ́ni nínú la fẹ́ ṣe, ká fi ti orí olórí sílẹ̀ bó ṣe wà. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì la fẹnu kò sí pupa rúsúrúsú, àwọ̀ ilẹ̀ ojú ọ̀nà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. A fi ọ̀bẹ ha èyí tó ti bó, a fi omi ọṣẹ fọ orí olórí títí kò fi rọ́nà mọ́, a jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ kan, a kùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Ọrùn ro wá fún ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, tí oòrùn bá gba àárín àdìrẹ kọjá tó bọ́ sára ògiri yẹn, à ń dákẹ́ ni. Àwa tó jẹ́ pé tí a bá ti ibi iṣẹ́ dé, fóònù la máa ń wò títí oorun á fi gbé wa lọ, a bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó bá ara wa sọ̀rọ̀.

Ọ̀rẹ́ wa kan wá, ó gbé ọ̀rọ̀ náà gba ibòmíràn. Ó ní ti onílé kọ́ ló dun òun, ti ebi ni. Pé nígbà tí èèyàn ń ronú kó tó ra dẹ́ríkà ìrẹsì, ta ló ń ra ọ̀dà? Èyí le ju ti ìyá oníbúrẹ́dì lọ, a ò sì rí èsì fún un lọ́jọ́ náà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ọ̀kan nínú wa ń wá owó ìdánwò lásìkò yẹn. A fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí i, a ò ní purọ́, kì í ṣe gbogbo ẹ̀. Òótọ́ ni pé àwọn ìyá ìyá wa tí kò ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́ fi ewé àti ìgbẹ́ màlúù pa ilẹ̀ yàrá kó lè dán, kò sì sẹ́ni tó ní kí wọ́n kọ́kọ́ yó ná. Ṣùgbọ́n ewé kì í ṣe owó, àwa la sì yan ọ̀dà. Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ wa ṣì jókòó síbi tó fi í sí.

Èyí tó wá dùn wá jù, àwa fúnra wa la fọwọ́ fà á. Bàbá Onílé wá kí wa lóṣù Kejì. Wọ́n dúró sáàárín pálọ̀, wọ́n wo òkè, wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n ní, "Háà. Ilé yìí dára o." Kí owó ilé tó tún pé, lẹ́tà dé: owó ti lé. Òfin Ìyálégbé Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 sọ pé tí ayálégbé bá gbàṣẹ onílé nínú ìwé kó tó tún ilé ṣe, tí onílé bá wá ní kó máa lọ, ó lè béèrè owó ohun tó ṣe. Nínú ìwé ni wọ́n wí. Tiwa, orí fóònù ni. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kun ilé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì fọwọ́ sí i.

A ò lè san án. Nígbà tí à ń palẹ̀ mọ́, éjẹ́ńtì ń mú èèyàn wá wo ilé lójú wa, ó ń na ọwọ́ sí ògiri: "Ẹ wo kíkùn." Iṣẹ́ ọwọ́ wa ló ń fi tajà. Ẹni tó bá gbà á máa san ju bí àwa ṣe san lọ, nítorí pé àwa fẹ́ kí oòrùn dára lójú wa. Ìtìjú mú wa. Ọ̀kan nínú wa tiẹ̀ sọ pé ká ha á padà kó tó di ọjọ́ Sátidé.

A ò ha á. Kì í ṣe pé inú wa mọ́ ju ti ẹlòmíràn lọ. A gbé ọ̀bẹ o, a dúró níwájú ẹ̀. Ohun tí a rí nígbà náà ni pé Bàbá Onílé lè lé owó, éjẹ́ńtì lè fi tajà, ṣùgbọ́n agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ gbogbo ọdún yẹn ti lò tán, àwa la lò ó. Kò sí nínú ohun tí à ń dù. Tí a bá ha ògiri, ẹni tí kò ṣẹ̀ wá la máa fìyà jẹ, ẹni tó máa sanwó síbẹ̀síbẹ̀ tó máa wá bá ìpẹ́ ẹja.

Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, a padà lọ gba lẹ́tà tó ṣìnà débẹ̀. Obìnrin kan tó pọn ọmọ ló ṣílẹ̀kùn. Lẹ́yìn ẹ̀, gbogbo pálọ̀ ti di àwọ̀ ewé, àwọ̀ ewé tó mọ́ rokoṣo. Inú wa kọ́kọ́ bàjẹ́, ẹ ò ní rí i lójú wa.

"Ẹ̀yin lẹ wà níbí tẹ́lẹ̀?" ó bi wá. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọ̀dà yín le. Ẹ̀ẹ̀mẹta la kùn ún kó tó bò ó."