Ta Ni Ó Ń Báni Kẹ́dùn?

Àwọn àgbà ní ẹyin lọ̀rọ̀. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ẹyin tèmi kò já bọ́ láti ẹnu. Inú kọ̀ǹpútà ni ó ti já bọ́.

Ẹni tí ó bá ń fi kọ̀ǹpútà kọ èdè Yorùbá mọ wàhálà àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn AutoCorrect, irinṣẹ́ kan tí ó ti wà nínú Microsoft Word láti ọdún 1993. A ó kọ gbólóhùn pamọ́ sínú rẹ̀, a ó fún un ní ìkékúrú. Bí a bá ti tẹ ìkékúrú náà, gbólóhùn yóò yọ jáde pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀. Báyìí ni mo ṣe fi ìwé ìbánikẹ́dùn kan pamọ́ fún àwọn tí òbí wọn arúgbó bá papò dà: “Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹ̀yìn wọn dára.”

Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi ní Ìlaro ní ọjọ́ tí mo gbọ́ pé ọ̀fọ̀ ṣẹ ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ ṣiṣẹ́ rí, tí ó ń gbé ní Ayétòrò. N kò béèrè ẹni tí ó kú. Mo tẹ ìkékúrú mi, mo fọwọ́ sí ìwé, ó lọ.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ni ó kú. Òkú ọ̀fọ̀ ni. A kì í se àsè rẹ̀. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀. Ó wò mí títí, ó ní, “Dókítà, ìnáwó wo ni mo ṣe?”

Ẹnìkan lè sọ pé ọ̀rọ̀ àbánilẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Òótọ́ ni. “Omi ló dànù, agbè ò fọ́” tí ì bá tọ́ kí n sọ, èmi kọ́ ni mo dá a sílẹ̀. Ní ilẹ̀ Yewa yìí, bí Ẹ̀fẹ̀ bá jáde ní òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ìjúbà ni yóò kọ́kọ́ ṣe: ó júbà òrìṣà, ó júbà àwọn ìyá, ó júbà àgbà. Ìlànà náà ti wà kí a tó bí i. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ wà lára àwọn tí ó jókòó kí ó tó dárúkọ wọn. Nítorí náà, ẹ̀bi kò sí lára ọ̀rọ̀ àbánilẹ̀. Àìwojú ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ ni ẹ̀bi.

Mo ṣì ń lo ìkékúrú fún àdírẹ́sì àti orúkọ ilé ẹ̀kọ́. Kò sí ẹni tí ìyẹn dùn. Ti ìbánikẹ́dùn ni mo pa rẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo rò pé mo jèrè lọ́jọ́ náà kì í ṣe tèmi. Ti ẹ̀gbọ́n mi ni. Òun ni ó yẹ kí n fi rántí ojú ọmọ rẹ̀.