Ajá Tí Ń Bẹ Ní Ìkáwọ́ Wa

Bismillāhir-Rahmānir-Rahīm.

Ọpẹ́ ni fún Allāhu, Olúwa gbogbo ẹ̀dá, Ẹni tí ó dá ènìyàn, tí ó dá ẹranko, tí ó sì fi àwọn kan sí ìkáwọ́ àwọn kan láti fi dán wọn wò. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ Àlùkìyáámọ̀.



Ọ̀rọ̀ ajá ni a fẹ́ bá ara wa sọ lóṣù yìí. A mọ̀ pé ẹlòmíràn á ti máa rẹ́rìn-ín: kí ló kan Mùsùlùmí nínú ọ̀rọ̀ ajá? Ó kàn wá. Àwọn kan nínú wa ń sin ajá láti ṣọ́ ilé tàbí ẹran ọ̀sìn. Àwọn kan ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tó ń sìn ín. Ohun èlò kan sì wà tí wọ́n ń tà fún irú wọn. Bẹ́líìtì ọrùn ajá ni, ṣùgbọ́n bátìrì wà lára rẹ̀, irin kéékèèké méjì sì yọ sínú tó kan awọ ọrùn ajá. Rìmóòtù á wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ajá. Bí ajá bá ṣe ohun tí kò fẹ́, á tẹ bọ́tìnnì, iná mànàmáná á sì gbé ajá lọ́rùn láti òkèèrè. Òmíràn kò tilẹ̀ nílò rìmóòtù: bí ajá bá ti gbó ni iná á gbé e.

Ǹjẹ́ ó yẹ kí Mùsùlùmí fi irú nǹkan báyìí kọ́ ajá?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ̀ pé kíkọ́ ajá kì í ṣe èèwọ̀. Nínú Sūratul-Mā'idah, áyà 4, Ọlọ́hun ṣe ẹran tí ajá ọdẹ tí a ti kọ́ bá pa ní hàláálì fún wa, Ó sì jẹ́ kó yé wa pé ìmọ̀ tí a fi ń kọ́ ọ, ara ohun tí Òun fi mọ̀ wá ni. Ẹ ò rí i pé àmáánà ni ìmọ̀ náà? Ẹni tó bá ń kọ́ ajá, ohun tí Ọlọ́hun fi mọ̀ ọ́n ló ń lò. Kò gbọdọ̀ lò ó bí ẹni tí kò ní Ọba tí yóò bi í léèrè. Bákan náà ni Ànábì (S.A.W.) kìlọ̀ pé ẹni tó bá ń sin ajá tí kì í ṣe ti ọdẹ, ti oko tàbí ti ẹran ọ̀sìn, láádá rẹ̀ á máa dínkù lójoojúmọ́. Ajá kì í ṣe ohun ìṣeré.

Ṣùgbọ́n àwọn kan á sọ pé, "Nájíìsì mà ni ajá. Kí la ń ṣàánú rẹ̀ fún?" Ẹ̀yin ènìyàn wa, ẹ má ṣe da ọ̀rọ̀ méjì pọ̀. Ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó, ọ̀rọ̀ àlùwàlá àti abọ́ ni. Àwọn onímímọ̀ pàápàá yapa sí i: lójú ọ̀nà Imām Mālik, tí ọ̀pọ̀ wa ń tọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, ajá tó wà láàyè kì í ṣe nájíìsì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àṣẹ wà pé kí a fọ abọ́ tó bá lá. Kò sí èyí tó sọ nínú wọn pé kí a fìyà jẹ ẹ́. Àwa tí a máa ń sọ ajá lókò, tí a rò pé ẹ̀sìn là ń ṣe, níbo la ti rí i?

Nínú hádíìsì tí Bùkárí àti Múslímù gbà wá, aṣẹ́wó kan nínú àwọn ọmọ Isrāīl rí ajá tí òùngbẹ fẹ́ pa. Ó bọ́ ohun tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó fi fa omi nínú kànga fún un, Ọlọ́hun sì tìtorí ìyẹn dárí jì í. Nínú èyí tí Abū Dāwūd gbà wá, ràkúnmí kan rí Ànábì (S.A.W.), ó sì sunkún. Ànábì fọwọ́ ra á lórí títí ó fi dákẹ́, ó wá béèrè ẹni tó ni ín. Ọ̀dọ́kùnrin kan nínú àwọn Ànsáárì ló jáde. Ó sọ fún un pé kó bẹ̀rù Ọlọ́hun nípa ẹran náà, nítorí ó ti fẹjọ́ rẹ̀ sùn pé ebi ló fi ń pa òun, iṣẹ́ ló sì fi ń dá òun lágara. Ẹ wò ó dáadáa: ọ̀dọ́ bíi tiwa ni wọ́n fẹjọ́ rẹ̀ sùn.

Àwọn tó fara mọ́ bẹ́líìtì yìí ní ọ̀rọ̀ kan tí kò ṣeé fojú di. Wọ́n ní ajá tó ń lé àgùntàn kiri, tàbí tó ń sáré bọ́ sójú títì, sàn kí iná gbé e lẹ́ẹ̀kan ju kó kú lọ. Ì bá jẹ́ pé kò sí ọ̀nà mìíràn, à bá rò ó. Ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí Yunifásítì Lincoln ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìwádìí kan jáde ní ọdún 2014 lórí ajá 63, àwọn tí kì í gbọ́ ìpè tàbí tó ń lé ẹran. Wọ́n fi bẹ́líìtì oníná kọ́ àwọn kan, wọ́n sì fi oúnjẹ àti ìyìn kọ́ àwọn mìíràn. Èyí tí iná ń gbé kò gbọ́ràn ju èyí tí wọ́n ń yìn lọ. Àmì ìdààmú ni wọ́n rí lára rẹ̀ jù. Kó tó di ìgbà yẹn, ní ọdún 2010, ilẹ̀ Wales ti fi òfin de lílò rẹ̀ fún ajá àti ológbò.

A kì í ṣe mùfútì, a kò sì fẹ́ máa pín háràámù kiri. Ohun tó dá wa lójú ni pé dídá ẹranko lóró láìnídìí kò tọ́. Bí ọ̀nà ìrọ̀rùn bá sì wà tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà, ìdí wo ló tún kù? Ànábì (S.A.W.) ní kí a pọ́n ọ̀bẹ dáadáa kí a tó pa ẹran, kí ara lè tù ú. Bí ẹran tí a fẹ́ pa bá ní ẹ̀tọ́ yìí, mélòómélòó ni èyí tó ń ṣọ́ ilé fún wa?

Àwọn ọdẹ tiwa kò lo bátìrì. Fèrè ni wọ́n fi ń pe ajá, ajá sì ń dáhùn. Ẹ dè é mọ́lẹ̀ tàbí kí ẹ ṣọgbà yí i ká títí yóò fi gbọ́ràn. Bí ó bá ṣe dáadáa, ẹ fún un ní nǹkan jẹ lójú ẹsẹ̀. Ẹ ní sùúrù.

Ohun tó ń bà wá lẹ́rù jù nínú bọ́tìnnì yìí ni pé kì í rẹ ọwọ́. Ẹni tó ń fi pàṣán na nǹkan, apá á ro ó, á sì rí ojú ohun tó ń nà. Ẹni tó ń tẹ bọ́tìnnì lè máa rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Irú ọkàn bẹ́ẹ̀ kì í mọ sí ọ̀dọ̀ ajá nìkan. Àbúrò wa ńkọ́? Ọmọ iṣẹ́ ńkọ́? Ọmọ kéwú tí a ń kọ́ ńkọ́? Àwọn àgbà ní ẹni tó bá fẹ́ fi igi gún ọmọ ẹyẹ, kó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò.

Ajá kò lè fẹjọ́ wa sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n Ẹni tó gbọ́ ti ràkúnmí kò sùn.

Kí Ọlọ́hun fi àánú sí wa lọ́kàn, kí Ó má sì jẹ́ kí ohun tó fi sí ìkáwọ́ wa di ẹlẹ́rìí takò wá lọ́jọ́ ẹ̀san. Āmīn.