Kòkòrò Tó Ń Jẹ Bébà, Inú Bébà Ló Wà

Bàbá mi ní àpótí kékeré kan tí wọ́n máa ń kó àwọn ojú ewé ìwé ìròyìn tí wọ́n bá fẹ́ràn sí. Lẹ́yìn tí wọ́n papòdà, mo ṣí àpótí náà, mo ní kí n ka ọ̀kan nínú wọn. Bí mo ṣe mú un báyìí, ó rún mọ́ mi lọ́wọ́ bí ewé gbígbẹ. Òjò ò pa á, ikán ò débẹ̀, èkúté ò fẹnu kàn án. Títì ni àpótí náà wà láti ọjọ́ yìí wá. Kí ló wá jẹ ẹ́?

Àwọn àgbà ti dá wa lóhùn tipẹ́: kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà. Láyé àtijọ́ ní Yúróòpù, àkísà aṣọ ọ̀gbọ̀ àti ti òwú ni wọ́n ń gún di bébà. Nígbà tí àkísà ò tó mọ́, wọ́n wá ọ̀nà tó yá. Ní 1807, Moritz Friedrich Illig, ọmọ Jámánì, kọ ọ̀nà kan sílẹ̀ tí wọ́n lè fi oje igi àti álọ́ọ̀mù ṣe bébà kí yíǹkì má baà fọ́n lórí rẹ̀. Láàárín ọdún 1840 sí 1850, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ igi lódindi láti fi ṣe é. Bébà wá pọ̀, ó sì dọ̀pọ̀. Ọmọ tálákà rí ìwé kà, oore ńlá sì ni. Ṣùgbọ́n álọ́ọ̀mù yẹn ń di ásíìdì, ásíìdì sì ń já àwọn fọ́nrán inú bébà díẹ̀díẹ̀. Ohun tí wọ́n fi mú iṣẹ́ yá náà ló ń pa iṣẹ́.

Bébà kan wà tí kì í kú irú ikú bẹ́ẹ̀. Ní ìlú Nara ní Japan, nínú ilé ìṣúra Shōsōin, ìwé tí ìjọba fi ka àwọn ará ilé ní ọdún 702 ṣì wà níbẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe bébà rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí àwọn tó ń ṣe irú rẹ̀ títí dòní ṣe ń ṣe é, nítorí inú iṣẹ́ yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ wà.

Igi kan ń jẹ́ kozo. Ìgbà òtútù, tí ewé ti wọ́ tán, ni wọ́n ń gé ẹ̀ka rẹ̀. Wọ́n á fi ooru omi sè é, wọ́n á bó èèpo rẹ̀, wọ́n á sì ha dúdú ara rẹ̀ kúrò títí tí yóò fi ku funfun. Wọ́n á se funfun náà nínú omi eérú, irú èyí tí àwọn aláró ilẹ̀ wa mọ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà, wọ́n á jókòó ti omi tútù, wọ́n á máa fọwọ́ ṣa ìdọ̀tí kéékèèké ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìyá ṣe ń ṣa ẹ̀wà. Ìgbà tí wọ́n bá ṣà á tán ni wọ́n á tó lù ú.

Wọ́n á wá da omi gbòǹgbò tororo-aoi mọ́ ọn. Ìbátan ilá ni ohun ọ̀gbìn yìí, ó sì ń yọ̀ bí ilá. Yíyọ̀ rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí fọ́nrán rì sísàlẹ̀, òun náà ni kì í jẹ́ kí omi tètè jò lójú asẹ́. Ẹ rí nǹkan ìyanu: wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi ohun tó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn sínú iṣẹ́, kí iṣẹ́ lè dára.

Ayàwòrán tó mọ iṣẹ́ kì í fojú nìkan ra bébà. Á gbé e kọjú sí ìmọ́lẹ̀, kó lè rí i bóyá fọ́nrán rẹ̀ tẹ́ déédéé tàbí ó ṣù síbì kan. Á mì ín, á gbọ́ ohùn rẹ̀. Á fi ṣóńṣó ahọ́n kan igun rẹ̀. Bó bá lẹ̀ mọ́ ahọ́n, ọ̀dà olómi yóò fọ́n lórí rẹ̀. Lékè gbogbo rẹ̀, á béèrè pé: òwú ni, kozo ni, àbí igi lílọ̀? Bébà méjì lè funfun bákan náà lórí àtẹ, kí ọ̀kan pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ lọ́la. Funfun kì í ṣe ẹ̀rí.

Ìwà tiwa náà ti ń rún lọ́wọ́ wa, ẹ̀yin èèyàn mi. A ń wá ọ̀tá níta, a ń ní ayé ló bàjẹ́. Ta ló fi kábáìdì sí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kó lè tètè pọ́n? Ta ló dín sìmẹ́ńtì ilé tí ọmọ ọlọ́mọ máa sùn sí? Ọmọṣẹ́ ń fẹ́ gba fírídọ̀ọ̀mù kó tó mọ abẹ́rẹ́ í dì mú. Òbí ń sanwó kí ẹlòmíràn bá ọmọ òun ṣèdánwò, ó sì ń pè é ní ìrànlọ́wọ́. Álọ́ọ̀mù ni gbogbo rẹ̀. Lọ́jọ́ tí a fi í sí i, kò hàn. Ó kàn mú nǹkan yá ni. Ọmọ wa ló máa ṣí àpótí.

Síbẹ̀, ìrètí wà fún ohun tó bàjẹ́. Ní ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá ọdún 1966, odò Arno kún wọ ìlú Florence ní Ítálì, ó sì bo àìmọye ìwé àtayébáyé mọ́lẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Nígbà tí àwọn atúnwèéṣe dé, bébà Japan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wà lára ohun tí wọ́n fi lẹ ojú ibi tó ya. Ohun tí wọ́n fi sùúrù ṣe ló gba ohun tó bàjẹ́ là.

Ṣùgbọ́n àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí kì í kàn lẹ bébà tuntun mọ́ èyí tí ásíìdì ti ń jẹ. Bí bébà náà bá lè gba omi, wọ́n á kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ kí ohun búburú inú rẹ̀ lè ṣàn jáde. Àwa ń ṣòfin tuntun, a ń gbàdúrà tuntun, a ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara wa. A ò tíì fọ̀ ọ́.