Ọwọ́ Tó Ń Gé Ohùn: Àtúnṣe Ni Tàbí Irọ́?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tó fún ọmọ ènìyàn ní ohùn àti etí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin lóbìnrin, àwọn kan nínú yín ń kọ́ iṣẹ́ gbígba ohùn sílẹ̀ ní sítúdíò. Iṣẹ́ ọlá ni. Ní 1961, odindi Al-Kùránì láti ẹnu Sheikh Mahmud Khalil al-Husary jáde sórí àwo ní ilẹ̀ Íjíbítì. Láti ìgbà kásẹ́ẹ̀tì títí di ìgbà fóònù yìí, iṣẹ́ yìí ló ń gbé wáàsí àwọn àáfà wa dé ilé tí ẹsẹ̀ wọn kò dé.

Ìbéèrè wa ni pé: nígbà tí ọmọ iṣẹ́ bá ń gé ohùn ẹlòmíràn, tó sì ń tò ó pọ̀, níbo ni àtúnṣe parí sí tí irọ́ ti bẹ̀rẹ̀?

Ohun tí ọ̀gá kọ́kọ́ ń kọ́ni kò ní ẹ̀bi. Kí makirofóònù má jìnnà sí ẹnu, kó má sì dojú kọ ọ́ gan-an, kí èémí má baà máa dún gbàmù nínú rẹ̀. Kí ohùn má wọ pupa lójú ẹ̀rọ, nítorí ohùn tó bá fọ́ nígbà tí à ń gbà á, àtúnṣe rẹ̀ nira. Kí a dín kíkùn jẹnẹrétọ̀ kù, kí a yọ ikọ́. Èyí dà bí ẹni nu dígí: ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló túbọ̀ hàn.

Ṣùgbọ́n abẹ tó gé ikọ́ lè gé òtítọ́. Ká ní àáfà sọ pé, "Ẹ lè mú owó náà, bí ẹni tó ni ín bá yọ̀ǹda." Ẹ gé ìdajì ìkẹyìn, ẹ ti fi ẹnu rẹ̀ sọ olè jíjà di hàláálì. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù ló jẹ́ tirẹ̀, síbẹ̀ irọ́ ni.

Àwa tí a jókòó ní ilé-kéú mọ èyí. Nínú Súrátu Nisáì, ayah 43, Ọlọ́hun kọ̀ fún ẹni tí ọtí ń pa láti sún mọ́ ìrun. Ẹni tó bá dánu dúró láàrin ọ̀rọ̀ náà yóò sọ ọ́ di pé ìrun gan-an ni a kọ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń kọ́ ibi ìdúró, tí àmì lámù-álífù sì wà nínú Mushaf fún ibi tí kò yẹ kí a dúró.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àfikún. Bí ẹni tó ń kéwú bá ṣi ọ̀rọ̀ kan kà, tó sì tún un kà, kí a fi èyí tó dára rọ́pò èkíní kò burú. Ṣùgbọ́n kí a fi ẹ̀rọ ṣe kíkà tí kò lè kà fún un, kí wọ́n lè fi í ṣe lémọ́mù, ẹ̀tàn ni. Kí a mú "Allāhu Akbar" àwùjọ ibòmíràn kún wáàsí tí èrò kò pọ̀ níbẹ̀, ẹ̀rí èké ni.

Ẹlòmíràn yóò wí pé, "Ọmọ iṣẹ́ ni mí, ọ̀gá ló pàṣẹ." Ọ̀wọ̀ ọ̀gá tọ́, ẹ fi ìrẹ̀lẹ̀ bá a sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n àṣẹ rẹ̀ kò sọ irọ́ di òtítọ́, ọwọ́ tó gé e ni yóò sì jẹ́rìí lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀.

Ẹ fi ìbéèrè méjì wọn iṣẹ́ yín. Bí ẹni tó sọ̀rọ̀ bá gbọ́ ọ, ṣé yóò wí pé, "Bẹ́ẹ̀ ni mo sọ"? Bí olùgbọ́ bá mọ gbogbo ohun tí ẹ ṣe sí i, ṣé kò ní wí pé ẹ tan òun? Kí ẹ sì máa tọ́jú ohùn ìbẹ̀rẹ̀ láìfọwọ́ kàn án, kó lè ṣe ẹlẹ́rìí. Ẹyin lohùn, àmáánà sì ni lọ́wọ́ ẹni tí a fi lé. Kí Ọlọ́hun fi òtítọ́ sí wa lọ́wọ́. Àmín.