Ẹ̀rí-Ọkàn Ta Ni? Ìbéèrè Kan Nínú Ẹ̀kọ́ Òfin

Nínú gbogbo ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ òfin ń kà ní yunifásítì láàárín ọdún márùn-ún, yálà ó wà ní Yunifásítì Caleb ní Ìmọ̀ta lẹ́bàá Ìkòròdú, tàbí ó ti Ẹ̀pẹ́ lọ sí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ọ̀jọ́, gbólóhùn kan wà tí kò gùn lójú ìwé ṣùgbọ́n tí ẹrù rẹ̀ wúwo. Gbólóhùn náà ni pé ilé-ẹjọ́ kò gbọdọ̀ fi àṣà ìbílẹ̀ kankan dájọ́ bí àṣà náà kò bá bá ìdájọ́ òdodo àdánidá, ìṣedéédéé àti ẹ̀rí-ọkàn rere mu. Òfin ilé-ẹjọ́ ti 1876, nígbà tí àwọn òyìnbó ń ṣàkóso Èkó pọ̀ mọ́ Gold Coast tí a mọ̀ sí Gánà lónìí, ni ó gbé e wọ ilẹ̀ yìí, ó sì wà títí di òní nínú abala 18 Òfin Ẹ̀rí ti 2011. Èkíní nínú ohun mẹ́ta tí gbólóhùn yìí dárúkọ kò ṣòro fún Yorùbá láti gbà, nítorí ìdájọ́ òdodo àdánidá, bí àwọn amòfin ṣe ń lò ó, kò ju pé kí a gbọ́ tẹnu ẹni méjèèjì, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe adájọ́ nínú ọ̀ràn ara rẹ̀. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá sì ni Yorùbá ti ń pè ní àgbà òṣìkà kí òyìnbó tó dé. Èkejì kò jìnnà sí i. Ẹ̀kẹta ni ó lẹ́gùn-ún, nítorí òfin sọ pé ẹ̀rí-ọkàn rere, kò sì sọ pé ọkàn ta ni.

Ó yẹ kí a wo ọ̀rọ̀ náà gan-an bí èdè Yorùbá ṣe kọ́ ọ. Ẹ̀rí ni ohun tí ẹlẹ́rìí ń jẹ́ níwájú adájọ́, Òfin Ẹ̀rí sì ni orúkọ ẹ̀kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń mọ ohun tí ilé-ẹjọ́ lè gbà gbọ́ àti ohun tí ó gbọdọ̀ dà nù. Ẹ̀rí-ọkàn, nígbà náà, ni ẹ̀rí tí ọkàn ń jẹ́ lórí ìwà ẹni tó ni ín. Èdè yìí kò fi ọkàn jókòó sórí àga adájọ́. Ó mú un dúró níbi tí ẹlẹ́rìí ń dúró sí, níbi tí a ti lè bi í pé ibo ló wà nígbà tí ọ̀ràn ṣẹlẹ̀, àti pé ta ló kọ́ ọ ní ohun tó ń sọ. Ẹlẹ́rìí tí kò purọ́ rárá lè ṣìnà, nítorí ibi tí ó dúró sí ni ó ti rí ohun tí ó rí. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe eré ọ̀rọ̀ lásán, nítorí bí a bá gba ẹ̀rí-ọkàn ní ẹlẹ́rìí, a jẹ́ pé kò sí ọkàn kan, ìbáà jẹ́ ti òyìnbó, ti àlùfáà, ti ààfáà tàbí ti abọrẹ̀, tí ó kọjá ìbéèrè.

Ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, tí akẹ́kọ̀ọ́ òfin kan kò lè ṣàìbá pàdé, ni ó fi èyí hàn jùlọ. Súbérù Dáwódù kú ní Èkó láìṣe ìwé ìhágún, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Ọ̀nà méjì ni Yorùbá mọ̀ fún pípín ogún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ìdí-igi ni èkíní, èyí tí a fi ń ka ìyàwó kọ̀ọ̀kan tó bímọ sí igi kan, tí a ó pín ogún ní ọgbọọgba sí ìdí àwọn igi náà, kí àwọn ọmọ ìyá kan tó wá pín ti ìdí igi tiwọn láàárín ara wọn. Nípa bẹ́ẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ bí yóò gba odidi ìdá kan, nígbà tí ọmọ mẹ́rin tí ìyá mìíràn bí yóò jọ pín ìdá kan náà. Orí-ò-jorí ni èkejì, èyí tí a fi ń ka orí àwọn ọmọ láìwo ìyá. Adájọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà fara mọ́ orí-ò-jorí, bóyá nítorí pé lójú ẹni tó bá kọ́kọ́ wò ó, òun ni ó jọ ìṣedéédéé. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Ìjọba Àpapọ̀ yí ìdájọ́ náà padà ní 1958, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ ọba ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n ń pè ní Privy Council, tí ó jẹ́ ilé-ẹjọ́ ìkẹyìn fún Nàìjíríà nígbà náà, sì fọwọ́ sí i ní 1962 pé ìdí-igi ni àṣà Yorùbá tó fìdí múlẹ̀, àti pé ohun tí ó bá ẹ̀rí-ọkàn rere mu láàárín àwọn tó ń fẹ́ ju ìyàwó kan lọ kò gbọdọ̀ di ohun tí a fi òṣùwọ̀n àwọn oníyàwó-kan wọ̀n. Ó jẹ́ ohun ìyanu pé láti Lọ́ńdọ̀nù ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu jù, nítorí ẹni tó bá mọ̀ pé òun jìnnà sí ilé a máa béèrè ọ̀nà, nígbà tí onílé lè rò pé kò sí ohun tí òun kò mọ̀.

Bí àṣà ṣe ń wọ ilé-ẹjọ́ tún jẹ́ ọ̀ràn fún ara rẹ̀. Nínú òfin Nàìjíríà, àṣà tí ilé-ẹjọ́ àgbà kò tíì dájọ́ lé lórí rí kì í ṣe òfin tí adájọ́ mọ̀, bí kò ṣe ọ̀rọ̀ tí a gbọdọ̀ fi ẹ̀rí gbè lẹ́sẹ̀. Ní ilé-ẹjọ́ gíga ní Ìkòròdú tàbí ní Ẹ̀pẹ́, àgbà kan lè dìde kí ó fi Kùránì, Bíbélì tàbí irin Ògún búra, kí ó sì ṣàlàyé irú àṣà bẹ́ẹ̀ ní èdè Yorùbá fún adájọ́ tí òun náà jẹ́ ọmọ Yorùbá. Ògbufọ̀ yóò sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì, adájọ́ yóò rọra kọ Gẹ̀ẹ́sì náà sílẹ̀, bí ẹni pé òkèèrè ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ìdí-igi pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ ìtumọ̀: nínú ìwé òfin, akẹ́kọ̀ọ́ yóò bá ọ̀rọ̀ Látìn kan tí wọ́n sábà máa ń fi túmọ̀ rẹ̀, per stirpes, tí stirps inú rẹ̀ jẹ́ gbòǹgbò tàbí ìdí igi. Èdè méjèèjì dé ìdí igi, ṣùgbọ́n igi ti àwọn ará Róòmù ni ọmọ tó kú tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń jogún ipò rẹ̀, igi ti Yorùbá sì ni ìyá. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gba ọ̀kan dípò èkejì yóò ṣi ogún pín.

Ẹ̀sìn tún wá fi tirẹ̀ kún un. Ẹ̀pẹ́ jẹ́ ìlú tí Mùsùlùmí pọ̀ sí, Kùránì sì ti là á sílẹ̀ nínú Súrà kẹrin pé ọmọkùnrin yóò gba ìlọ́po méjì ohun tí ọmọbìnrin gbà, àti pé àwọn opó yóò ní ìdá kan nínú mẹ́jọ bí olóògbé bá ní ọmọ. Lábẹ́ ìdí-igi, ìyá ni ojú igi ṣùgbọ́n opó kì í jogún ọkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìyàtọ̀ láàárín ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin. Ìpínlẹ̀ Èkó kò ní ilé-ẹjọ́ Ṣẹ̀ríà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé abala 275 ìwé òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà fàyè gba ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ láti ní ilé-ẹjọ́ Ṣẹ̀ríà kòtẹ́milọ́rùn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ Mùsùlùmí tòótọ́ yóò jókòó síwájú ìwé ìdánwò, yóò sì fi òótọ́ inú kọ ọ́ pé ìdí-igi bá ẹ̀rí-ọkàn rere mu, nígbà tí ọkàn tirẹ̀ ń jẹ́rìí pé ìpín tí Ọlọ́run ṣe ni ó dára jù. Àgàbàgebè kọ́ ni èyí. Ó ń kọ́ láti gbọ́ ẹ̀rí ọkàn ẹlòmíràn láìpa tirẹ̀ lẹ́nu mọ́, ẹ̀kọ́ tí ó le ju kí a há abala òfin sórí lọ.

Síbẹ̀, bí a bá ní gbogbo ọkàn ni ẹlẹ́rìí, kí ni yóò fi òtítọ́ ẹ̀rí hàn? Ìdáhùn kan wà nínú ẹjọ́ Ẹ̀ṣúgbàyí Ẹlẹ́kọ̀, ọba Èkó tí ìjọba òyìnbó rọ̀ lóyè ní 1925, tí wọ́n sì lé lọ sí Ọ̀yọ́. Nígbà tí ẹjọ́ náà dé Lọ́ńdọ̀nù, ìdájọ́ 1931 sọ ọ́ pé ìfọwọ́sí àwọn ará ìlú ni ó ń fún àṣà ní agbára, àti pé bí àṣà kan bá burú, ilé-ẹjọ́ lè kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kò lè fúnra rẹ̀ tún un ṣe kí ó di èyí tó rọjú. Ará ìlú nìkan ló lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìlànà yìí dára nítorí pé ó gba ẹ̀rí lọ́wọ́ àwọn tí àṣà dè. Ṣùgbọ́n ta ni ará ìlú? Ẹ̀pẹ́ mọ ìbéèrè náà tipẹ́, nítorí láti ìgbà tí Ọba Kòsọ́kọ́ ti kó àwọn ènìyàn rẹ̀ dé ibẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn òyìnbó lé e kúrò ní Èkó ní 1851, Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ àti Èkó Ẹ̀pẹ́ ni ìlú kan náà.

Ní Ìkòròdú, ọdún Orò ni ó mú ìbéèrè náà dìde. Ní ọjọ́ tí ìséde bá wà, obìnrin kò gbọdọ̀ jáde ní ojúmọmọ. Abala 38 ìwé òfin ìpìlẹ̀ fún aborò ní òmìnira láti ṣe ẹ̀sìn rẹ̀, abala 41 sì fún obìnrin ní òmìnira láti rìn. Aborò tó gbà pé ààbò ìlú wà lọ́wọ́ Orò kò purọ́, obìnrin tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí láti òwúrọ̀ kò purọ́ bákan náà. Ní 2018, ilé-ẹjọ́ gíga tó jókòó ní Ìpokíà, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, pàṣẹ pé kí ìséde Orò níbẹ̀ mọ sí láàárín agogo méjìlá òru sí agogo mẹ́rin ìdájí. Ìdájọ́ náà mú ẹ̀tọ́ méjèèjì wá sí àyè kan, ó sì tọ́ lójú ẹni tó bá rò ó dáadáa, ṣùgbọ́n ó jọ ohun tí ìdájọ́ 1931 ní ilé-ẹjọ́ kò lè ṣe, nítorí ó tún àṣà ṣe dípò kí ó gbà á tàbí kí ó kọ̀ ọ́. Ọ̀nà tó bá ìlànà Ẹlẹ́kọ̀ mu ni pé kí àwọn tí àṣà dè fọwọ́ sí àtúnṣe náà fúnra wọn. Àwọn tí ìséde dè jùlọ ni obìnrin Ìkòròdú, àti èyí tí a bí síbẹ̀ àti èyí tó wá gbé ibẹ̀, wọn kò sì sí nínú ìjókòó tí wọ́n ti ń mú ọjọ́ Orò.