Ọwọ́ Tí Ń Kọ́, Ọwọ́ Tí Ń Jà

Ìbéèrè kan wà tí kò yẹ kí ènìyàn fi ìkánjú dáhùn: bí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkọ́ nǹkan bá gbé ohun ìjà, ṣé ó ti kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ ni, tàbí ó ń dáàbò bò ó? Irin kan náà ni alágbẹ̀dẹ fi ń rọ ọkọ́, tí ó sì fi ń rọ idà. Ṣùgbọ́n irin kò mọ ohun tí a fi òun ṣe. Ènìyàn ni ó mọ̀.

Nígbà tí ogun Japan dé bá Amẹ́ríkà ní oṣù Kejìlá ọdún 1941, àwọn òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe ológun ni wọ́n ń kọ́ ibùdó ní erékùṣù Wake. Òfin ogun kò dáàbò bo irú wọn bí wọ́n bá gbé ìbọn. Ọ̀tá tí ó bá ká a mọ́ wọn lọ́wọ́ lè pa wọ́n bí ẹni pa olè. Nítorí èyí ni Ọ̀gágun Ben Moreell ṣe dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ nínú ogun ojú omi ní 1942, ẹgbẹ́ káfíńtà, bíríkìlà, awakọ̀ katapílà àti mẹkáníìkì, tí a kọ́ ní ìbọn yíyìn pẹ̀lú. Seabees ni a ń pè wọ́n. Wọ́n ní àwọn ń kọ́, àwọn sì ń jà. Ọ̀rọ̀ yìí rọrùn lẹ́nu. Ọwọ́ ẹni tí ó bá bọ́ sí ni ó ti ń wúwo.

Ọwọ́ Marvin Shields ni ó bọ́ sí. Port Townsend, ní ìpínlẹ̀ Washington, ni a bí i sí ní 1939. Ó jáde ilé ìwé, ó bá wọn ṣiṣẹ́ níbi tí a ti ń wa góòlù ní Alaska, ó sì wọ iṣẹ́ ogun ojú omi ní 1962 gẹ́gẹ́ bí mẹkáníìkì ẹ̀rọ ìkọ́lé. Ní 1965, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́jọ wà ní Dong Xoai ní Vietnam, wọ́n ń bá àwọn ọmọ ogun àkànṣe Amẹ́ríkà kọ́ ibùdó. Ẹni ọdún márùn-dínlọ́gbọ̀n ni. Ó ní aya, ó sì ní ọmọbìnrin kékeré nílé.

Ní òru ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹfà, àwọn Viet Cong ya lu ibùdó náà. Ọta bà á, kò dùbúlẹ̀. Fún nǹkan bí wákàtí mẹ́ta ni ó ń ru ọta kiri fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí òun náà sì ń yìnbọn. Ó tún fara gbọgbẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Síbẹ̀ ó bá wọn gbé ẹni tí ọgbẹ́ tirẹ̀ le ju ti òun lọ kúrò nínú ewu, ó sì padà sídìí ìbọn fún wákàtí mẹ́rin sí i. Nígbà tí Charles Williams, ọ̀gá wọn, béèrè ẹni tí yóò bá òun lọ pa ẹnu ìbọn arọ̀jò-ọta kan mọ́, òun ni ó dìde. Wọ́n fọ́ ìbọn náà. Ní àbọ̀ ni ọta tí ó pa á bà á.

Àwọn kan yóò wí pé ẹni tí ó wá kọ́lé kò jẹ̀bi ogun. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Ibùdó ọmọ ogun ni ó ń kọ́, kì í ṣe ilé ìyá arúgbó. Àwọn tí wọ́n sì wá wó o, ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà pé ilẹ̀ baba àwọn ni àwọn ń jà fún. Akọ́lé kò lè di ojú sí ohun tí ilé rẹ̀ wà fún. Ṣùgbọ́n bí a bá ti sọ èyí tán, ẹni tí ó gbọgbẹ́ lẹ́ẹ̀mejì tí ó sì ń gbé ẹlòmíràn kò ní kí a kọ́kọ́ yanjú ẹjọ́ ogun náà kí òun tó gbé e. Ẹjọ́ ọ̀tọ̀ ni ti ogun, ẹjọ́ ọ̀tọ̀ ni ti èjìká. Ẹni tí ó bá fi ìyìn ọ̀kan bo ẹ̀bi èkejì, tàbí tí ó fi ẹ̀bi pa ìyìn rẹ́, kò tíì wo ọmọkùnrin náà dáadáa.

Ní 1966, Ààrẹ Lyndon Johnson fi àmì ẹ̀yẹ ogun tí ó ga jù ní Amẹ́ríkà lé aya rẹ̀ lọ́wọ́. Ìwé àmì ẹ̀yẹ náà ka wákàtí tí ó fi yìnbọn. Kò ka ẹ̀rọ kankan tí ó tún ṣe. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi sọ ọkọ̀ ojú omi kan, ọkọ̀ ogun ni, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1971. Ní 1997 wọ́n tà á fún ìjọba Mexico, àwọn yẹn sì fún un ní orúkọ mìíràn.